Erékùṣù Saint Helena nínú Ìtàn Àwọn Ènìyàn Dúdú

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá ẹ̀kọ́ ìtàn mu pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọjá ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ, ohun tí gbogbo ènìyàn ti rí náà ni yóò rí. Bí a bá dárúkọ òwò ẹrú nínú kíláàsì wa, ọkàn àwọn ọmọ a máa lọ sí Badagry, sí Èkó, sí Ouidah, sí erékùṣù Gorée tí ó wà ní Senegal, tàbí sí Freetown ní ilẹ̀ Sierra Leone. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n erékùṣù kan wà láàárín agbami òkun Àtìláńtíìkì tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa olùkọ́, tí ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Saint Helena.

Àwọn tí ó bá gbọ́ orúkọ náà rí, nípa Napoleon Bonaparte, olú-ọba ilẹ̀ Faransé tí a fi sí ìgbèkùn, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni Napoleon kú sí. Síbẹ̀, bí a bá ka iye àwọn tí wọ́n kú sí erékùṣù yìí ní ìgbèkùn, ẹnì kan ṣoṣo ni Napoleon jẹ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn yòókù jẹ́ ènìyàn dúdú tí a jí gbé ní ilẹ̀ baba wọn, tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kú kí wọ́n tó mọ adùn òmìnira. Ìtàn wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti bi: kí ló dé tí ayé fi ń rántí ẹnì kan, tí ó sì gbàgbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún?

Ibi tí erékùṣù náà wà àti bí ó ti rí

Apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ni Saint Helena wà. Láti ibẹ̀ dé etíkun ilẹ̀ Áfíríkà tí ó sún mọ́ ọn jù, ó tó nǹkan bí kìlómítà 1,900. Erékùṣù Ascension, tí ó jẹ́ ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, jìnnà sí i tó nǹkan bí kìlómítà 1,300. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 122 lọ, àwọn tí wọ́n ń gbé orí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 4,000 lọ. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó tu erékùṣù náà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní àìmọye ọdún sẹ́yìn; iná náà ti kú tipẹ́, òkúta rẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù.

Ẹni tí ó bá ń ti ojú òkun bọ̀ yóò rò pé kò sí ohun alààyè kankan níbẹ̀, nítorí pé àpáta dúdú gàgàrà, tí kò hu koríko, ni ó yí i ká bí odi ìlú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gun òkè dé àárín ilẹ̀ náà, yóò rí ewéko tútù yọ̀yọ̀, ìkùukùu, àti òjò wẹ́liwẹ̀li. Òkè tí ó ga jù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Diana's Peak, lé ní 800 mítà. Ìlú kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, Jamestown, wà nínú àfonífojì tóóró kan tí òkè há mọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì. Láti ìsàlẹ̀ ìlú náà, àtẹ̀gùn kan gùn lọ sókè gbọnrangandan. Àkàsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 699. Jacob's Ladder ni wọ́n ń pè é. Ní 1829 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà náà láti máa fi okùn fa ẹrù gòkè.

Jíjìnnà tí erékùṣù yìí jìnnà sí ibòmíràn jẹ́ kí ó ní igi, ẹyẹ àti kòkòrò tí kò sí níbòmíràn ní ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn Pọtogí kó ewúrẹ́ wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 1513. Ewúrẹ́ náà bí sí i, wọ́n rẹ̀, wọ́n sì jẹ igbó náà run díẹ̀díẹ̀. Igi ólífì tí ó jẹ́ ti Saint Helena nìkan kú tán pátápátá ní 2003. Ṣùgbọ́n irú igi kan tí wọ́n ń pè ní ébónì, tí àwọn onímọ̀ ti rò pé ó ti run, ni wọ́n tún rí méjì rẹ̀ ní ara àpáta ní 1980, níbi tí ẹnu ewúrẹ́ kò dé. Láti ara méjì yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ di púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ igi yìí sọ́kàn: ohun tí a pè ní òkú lè máa bẹ láàyè níbi tí a kò wò.

Bí àwọn ènìyàn ṣe dé ibẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ń gbé Saint Helena kí àwọn Pọtogí tó rí i. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, João da Nova, ọ̀gákọ̀ Pọtogí kan, ni ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1502, nígbà tí ó ń ti Íńdíà bọ̀. Omi dídùn àti èso tí wọ́n gbìn sí i sọ erékùṣù náà di ibi ìsinmi fún àwọn ọkọ̀ tí ń ti ìlà-oòrùn ayé bọ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé jẹ́ ẹni tí ayé ti fìyà jẹ. Fernão Lopes ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogun Pọtogí ni ní Goa, ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń bá wọn jagun. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé imú rẹ̀, wọ́n gé etí rẹ̀, wọ́n sì gé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ó ń padà sí ilé ní nǹkan bí 1516, ojú tì í láti dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ. Nígbà tí ọkọ̀ dúró pọn omi ní Saint Helena, ó sá pamọ́ sínú igbó. Ibẹ̀ ni ó gbé fún nǹkan bí 30 ọdún, tí àkùkọ kan sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí ó fi kú ní 1545. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ibi ìsápamọ́ àti ibi ìgbèkùn ni erékùṣù yìí.

Ní 1659 ni ilé iṣẹ́ òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣòwò ní Íńdíà gba ibẹ̀. Àwọn ará Họ́láńdì gbà á lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1673, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gbà á padà. Ilé iṣẹ́ òwò yìí kó ẹrú wá síbẹ̀ láti Áfíríkà, láti Madagásíkà àti láti Éṣíà. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni wọ́n ro oko, tí wọ́n gbẹ́ òkúta, tí wọ́n sì ru ẹrù gun òkè. Ní 1792 ni wọ́n fi òfin de kíkó ẹrú tuntun wọ erékùṣù náà. Ní 1818 ni wọ́n ṣe òfin pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà lọ yóò jẹ́ òmìnira. Ní 1832 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ẹrú tí ó kù sílẹ̀. Ní 1834 ni erékùṣù náà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òwò, tí ó bọ́ sí abẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn ará Saint Helena òde òní, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Saints, jẹ́ àdàlù àwọn Òyìnbó, ènìyàn dúdú, ará Madagásíkà, ará Íńdíà àti ará Ṣáínà.

Ẹ̀wọ̀n láàárín òkun

Ibi tí kò sí ọ̀nà àbáyọ ni ọba alágbára máa ń wá fún ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ní 1815, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e wá sí Saint Helena ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ilé kan tí ó wà lórí òkè, tí wọ́n ń pè ní Longwood, ni wọ́n fi sí. Ibẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1821 ni ó kú.

Wọ́n sin ín sí àfonífojì kan tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ará Faransé tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò kọ sí ara òkúta ibojì náà. Nítorí náà wọn kò kọ ohunkóhun sí i. Ní 1840, àwọn ará Faransé wá hú òkú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Paris. Ibojì tí àwọn àlejò ń lọ wò ní Saint Helena títí di òní, kò sí òkú nínú rẹ̀, kò sì sí orúkọ lára rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba Faransé ra ibojì náà àti ilé Longwood ní 1858, wọ́n sì ń tọ́jú wọn.

Napoleon kọ́ ni ó kẹ́yìn. Ní 1890 ni wọ́n kó Dinuzulu, ọmọ Cetshwayo ọba àwọn Zulu, wá síbẹ̀ pẹ̀lú méjì nínú àwọn arákùnrin baba rẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti tẹrí ba fún ìjọba Òyìnbó ní ilẹ̀ wọn. Ọdún 1897 ni wọ́n tó dá wọn padà. Láti 1900 dé 1902, nígbà ogun àwọn Boer ní gúúsù Áfíríkà, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Boer tí wọ́n mú lójú ogun wá síbẹ̀. Àwọn tí ó kú nínú wọn ni wọ́n sin sí Knollcombes, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí ara òkúta ìrántí. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi kókó yìí pamọ́: àwọn wọ̀nyí ní orúkọ lórí òkúta.

Àwọn tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun

A ti sọ pé 1840 ni wọ́n gbé òkú Napoleon kúrò. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí dé. Láti 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀, wọ́n sì ń rán ọkọ̀ ogun sí ojú òkun láti máa mú ọkọ̀ akẹ́rú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ń fi àsíá Pọtogí bo ara wọn. Ní 1839 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fún àwọn ọkọ̀ ogun wọn láṣẹ láti mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1840 ni wọ́n sì dá kóòtù ọ̀rọ̀ ojú òkun sílẹ̀ ní Saint Helena láti máa ṣe ìdájọ́ wọn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Saint Helena? Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Láyé ọkọ̀ alásìṣọ, afẹ́fẹ́ ni ó ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò lọ. Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí le sí i ní etíkun Kóńgò àti Àńgólà, ọkọ̀ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ jìnnà sí Freetown, ọ̀nà náà sì ṣòro. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn ní apá ibẹ̀ mú kí erékùṣù náà bọ́ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Báyìí ni àpáta kan láàárín òkun ṣe di ibùdó àwọn tí a gbà sílẹ̀.

Lemon Valley ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí. Lẹ́yìn náà ni Rupert's Valley, tí ó wà nítòsí Jamestown, di ibùdó gan-an. Àfonífojì gbígbẹ ni, kò sí igi, omi kò sì tó. Inú ọkọ̀ akẹ́rú ni ikú ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ènìyàn ti há mọ́ ara wọn bí igi ìdáná, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbóná, ojú dídùn àti àìrí oúnjẹ tí ó dára jẹ sì ti ba ara wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ kú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ tí wọn kò lè dìde mọ́. Àwọn dókítà díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan a tún dé kí ti ìṣáájú tó gbádùn.

Láti 1840 títí dé nǹkan bí 1867, iye àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n gbé wá sí Saint Helena lé ní 25,000. Nǹkan bí 8,000 nínú wọn ni wọ́n kú. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé àwọn ará erékùṣù náà lónìí tí wọn kò ju nǹkan bí 4,000 lọ: àwọn òkú tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ àfonífojì náà tó ìlọ́po méjì àwọn alààyè orí ilẹ̀.

Àwọn tí ó yè ńkọ́? Díẹ̀ ni ó dúró ní erékùṣù náà. Ìjọba fi ọkọ̀ kó àwọn yòókù lọ sí Jàmáíkà, Trinidad, Guyana àti Cape, níbi tí àwọn olóko ti ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì lẹ́yìn tí a dá àwọn ẹrú wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò gbọ́ èdè, tí kò mọ ibi tí ó wà, tí kò sì lè rí ọ̀nà ilé, lè yàn? Kì í ṣe pé a kò mọ rírì iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyẹn. Àwọn atukọ̀ kan kú nínú iṣẹ́ náà, ọ̀wọ̀n ìrántí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ Waterwitch sì wà ní Jamestown títí di òní. Ohun tí a ń wí ni pé ìdáǹdè tí ó parí sí oko ìrèké ẹlòmíràn kò ì pé.

Saint Helena àti Freetown

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbé dé Saint Helena kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Apá Kóńgò àti Àńgólà ni wọ́n ti wá. Freetown ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìlú méjèèjì wé ara wọn, a ó rí ohun tí ó gba orúkọ là àti ohun tí ó pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní 1821, ọdún náà gan-an tí Napoleon kú ní Longwood, ni ogun kó Àjàyí ní ìlú rẹ̀. Wọ́n tà á lọ́wọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ Pọtogí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé Àjàyí lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ti di Samuel Ajayi Crowther, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó padà wálé, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Kí ló ya Àjàyí sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ọdún 13 tí ó kú ní Rupert's Valley? Kì í ṣe pé orí ọ̀kan dára ju ti èkejì lọ nìkan. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown dúró síbẹ̀. Wọ́n bá àwọn tí ó ń sọ èdè wọn pàdé, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n fún àwọn ọmọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n bá kú, àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ni ó ń sin wọ́n. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n lè padà sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta. Àwọn ni a ń pè ní Sàró. Ṣùgbọ́n ní Saint Helena, àwọn tí ó kú kú, àwọn tí ó yè sì bá ọkọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó kù tí yóò wí pé, "Ibí ni a sin Lágbájá sí." Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ mọ́, ìjánu já.

Àwọn àgbà tún ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ní Rupert's Valley, kò sí ọmọ tí ó sin baba, kò sì sí baba tí ó sin ọmọ. Àjèjì ni ó wa ilẹ̀, àjèjì ni ó bò ó.

Eegun tí ó kọ̀ láti dákẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni a fi ń dé Saint Helena. Lẹ́yìn tí wọ́n la ipadò Suez ní 1869, àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Íńdíà kò gba ibẹ̀ mọ́, ìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Láti 1907 ni wọ́n ń fi fọ́nrán ewéko kan tí a mú wá láti New Zealand ṣe okùn títà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kú ní 1966. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn.

Ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà kó ohun èlò lọ sí pápákọ̀ náà ni yóò la Rupert's Valley kọjá. Ní 2007 sí 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ ibẹ̀ kí iṣẹ́ ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀. Òkú ènìyàn 325 ni wọ́n rí. Díẹ̀ ni ó wà nínú pósí. Ní ibòmíràn, wọ́n tò wọ́n jọ sínú kòtò kan náà. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Eyín àwọn mìíràn ti jẹ́ èyí tí a rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wọn. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ lára àwọn mìíràn. Ìyàlẹ́nu ni èyí, nítorí pé àwọn akẹ́rú a máa bọ́ gbogbo ohun tí ó wà lára ẹrú kúrò. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ọmọ kan fi pamọ́ láti ilé ìyá rẹ̀ dé Saint Helena ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Wọ́n kó àwọn eegun náà sínú àpótí, wọ́n kó wọn pamọ́ sí ilé kan ní Jamestown. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọkọ̀ òfurufú tí ń ná ọ̀nà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àwọn àlejò ń dé, wọ́n ń lọ wo ibojì tí kò sí òkú nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn òkú tí kò ní ibojì wà nínú àpótí. Àwọn ará erékùṣù kan kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 2022 ni wọ́n tó tún sin àwọn 325 náà sí Rupert's Valley, ọdún náà sì ni fíìmù kan, A Story of Bones, jáde lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí eegun àwọn 20 nínú wọn jáde. Èsì náà fi hàn pé agbègbè tí ó wà láàárín àríwá Àńgólà àti Gabon ni ó jọ pé wọ́n ti wá. Èyí kò tíì dá orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wa pé wọ́n ní ilé.

Ohun tí ó kan olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti arìnrìn-àjò

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ìtàn wà. Ìwé ìjọba sọ iye àwọn tí ó kú fún wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àti eyín rírẹ́ hàn wá. Nínú ìtàn Yorùbá pẹ̀lú, oríkì, àlọ́, ère Ifẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò gbọ́dọ̀ jọ máa sọ̀rọ̀.

Èkejì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ pé ta ni ó gbé òkúta ìrántí dúró, ta ni ó sì sanwó rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan wà lẹ́yìn Napoleon. Àwọn ènìyàn wọn wà lẹ́yìn àwọn Boer àti àwọn atukọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àwọn ọmọ Rupert's Valley. Iye òkúta tí a gbé dúró fún ènìyàn kò sọ bí ó ti níye lórí tó. Ó kàn ń sọ iye ẹni tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta kan èdè wa. Èdè ni ó so àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Freetown. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ bí a ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ, iṣẹ́ ìtàn ni ó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ti ẹni tí ó bá lágbára láti rìnrìn àjò, Saint Helena tó wò. Láti Johannesburg ni ọkọ̀ òfurufú ti ń lọ síbẹ̀ láti 2017. Kí ó gun Diana's Peak, kí ó mu kọfí erékùṣù náà, èyí tí wọ́n ti ń gbìn láti 1733. Kí ó ka àkàsọ̀ 699 náà, bí eékún rẹ̀ bá gbà á láyè. Kí ó gbọ́ ìtàn Jonathan, ìjàpá ńlá tí a mú wá láti Seychelles ní 1882, tí wọ́n ṣe ayẹyẹ 190 ọdún rẹ̀ ní 2022. Bí ìṣirò náà bá tọ̀nà, ìjàpá yìí ti dáyé kí ọkọ̀ akọ́kọ́ tó kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ dé erékùṣù náà. Ṣùgbọ́n kí arìnrìn-àjò náà tó dé Longwood, kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Rupert's Valley. Kí ó dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Saint Helena kì í ṣe erékùṣù Napoleon nìkan. Láti ọjọ́ Fernão Lopes ni ó ti jẹ́ ilẹ̀ àwọn tí a ya kúrò ní ilé wọn: ọmọ ogun aláìnímú, ẹrú tí ó ru òkúta, olú-ọba, ọmọ ọba Zulu, àwọn Boer, àti ohun tí ó lé ní 25,000 ọmọ Áfíríkà. A ti dáhùn ìbéèrè wa pẹ̀lú. Ayé ń rántí ẹnì kan nítorí pé ó ní àwọn tí ń pe orúkọ rẹ̀; ó gbàgbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún nítorí pé wọ́n tú àwọn tí ì bá pe orúkọ wọn ká sí oko olóko. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí a ń kọ́ ìtàn ni pé kí a fi àwọn wọ̀nyí kún ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa. A kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ìyá kan sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ.